Sìgá Tútù àti Èémí Awayanrìn

Ọmọbìnrin tí àbúrò mi bí wá kí mi lóṣù tó kọjá. Ó fa nǹkan kan bíi báírò yọ nínú báàgì rẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó sì tú èéfín olóòórùn ọsàn sí pálọ̀ mi. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Sìgá oníbátìrì ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ooru omi lásán ni." Inú bí mi débi pé mo dìde dúró. Kì í ṣe nítorí èéfín yẹn o. Èmi náà ti fi ẹnu ara mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí fún nọ́ọ̀sì kan n'Íkòròdú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà lé e lórí.

Iṣẹ́ yanrìn ni mò ń ṣe nígbà yẹn ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, láyé tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Ọ̀ṣun ni mo ti wá, mo háyà yàrá kan ní Lásùnwọ̀n, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Èèyàn méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ kan. Ẹ óò ri àkàbà onígi gígùn kan sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ẹnì kan á di korobá mú, á gba ojú àkàbà yẹn sọ̀ kalẹ̀, á wa yanrìn kún un níbi tí ojú ò ti ríran rárá, á sì fa okùn kí ẹnìkejì lè fà á sókè. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Èémí tí o bá mú lọ ni wàá ná. Ẹni tó wà lókè á máa kà ketekete: ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo awayanrìn ló ní iye tirẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá kà á kọjá iye yẹn tí o ò yọ, dandan ni kó bẹ́ sómi wá ọ. Ọgọ́ta ni tèmi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi yangàn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ẹ̀gbọ́n kan ni ẹnìkejì mi, ọmọ Ìkòròdú gan-an, tó ti ń wa yanrìn kí n tó mọ ọ̀nà Èkó. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló kọ́ mi ní sìgá. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà máa ń tutù wọ egungun. Á ní, "Àbúrò, fi èéfín yá àyà rẹ kí o tó wọlé." Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé èéfín ló ń lé òtútù kúrò láyà. Kì í sì í ṣe sìgá lásán, sìgá tútù ni, èyí tó máa ń ta yẹ́ríyẹ́rí lọ́nà ọ̀fun bíi mínńtì. A ní èyí tó gbóná ló ń ba àyà jẹ́, pé èyí tó tutù ń là á ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Àwa tí èémí jẹ́ irinṣẹ́ wa, àwa la tún ń fi ọwọ́ ara wa dáná sun ún.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgọ́ta di àádọ́ta, àádọ́ta di ogójì. Mo di ẹ̀bi ru korobá, mo ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá. Nígbà tó yá, mo ní omi ló jìn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, korobá ò tíì kún dé ìdajì tí àyà mi fi dí pa. Mo ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo gun àkàbà yẹn bí ẹni tí ejò ń lé, mo sì wúkọ́ nínú ọkọ̀ títí mo fi bì. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ó ní, "Ọgbọ̀n péré ni mo kà."

Ẹni tó ni ọkọ̀ wà létí omi lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ó ní òun fún mi lóṣù kan. Bí n kò bá lè wa korobá kún lẹ́yìn oṣù yẹn, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, torí òun ò fẹ́ gbé òkú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀sà. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú ìyàwó mi. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́ fún yín.

Ìyàwó mi ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù n'Íkòròdú. Nọ́ọ̀sì kan, ìyá àgbàlagbà, gbé páìpù kékeré kan tó ní nọ́ńbà lára fún mi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná." Mo fẹ́ ẹ tagbáratagbára, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí kó yìn mí. Ó wo páìpù, ó wo káàdì mi.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó lẹ ní ẹ jẹ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Bàbá tó jókòó lẹ́yìn yín yẹn fẹ́ ẹ jù yín lọ."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná. Mo ní, "Awayanrìn ni mí, mà! Kò sí ẹ̀dọ̀fóóró tó le tó tèmi níbí yìí! Sìgá tútù ni mo sì ń fa, kì í ṣe èyí tó léwu."

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá bi mí bóyá mo ti rí fùkùfúkù rí lórí tábìlì alápatà, bó ṣe rọ̀ tó. Ó ní bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. "Èéfín ni èéfín ń jẹ́, bó tutù bó gbóná. Títutù yẹn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń jó yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì kéré. Bí ẹ bá jáwọ́ báyìí, púpọ̀ nínú agbára yẹn lè padà." Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo dì mú jáde níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú. Etí omi ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń fa sìgá, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Lọ́jọ́ kẹta, mo tanná sí i. Ìyàwó mi gbóòórùn rẹ̀ lára mi, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ múra. Ilé bàbá mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ ti máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí." Mo rò pé ó fẹ́ kí n sinmi, kí n jẹ ẹja tútù. Àṣé ó ti dẹ pàkúté fún mi. Nínú ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, èwo nínú yín ló lè fa sìgá lójú àna rẹ̀?

Apẹja ni bàbá ìyàwó mi, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá tó kángun sí tirẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ibi tí mo bá yíjú sí, àna ni: àna níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, àna létí omi, àna lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé mo gbọ́n, mo rìn jìnnà lọ sí ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta sìgá. Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, àna wa! Kí lẹ fẹ́ rà?"

Mo ní, "Iyọ̀."

Iyọ̀ ni mo rà bọ̀ wálé. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, bóyá ẹlòmíràn ló máa jókòó síbẹ̀. Òun náà ni. Mo tún ra iyọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá ìyàwó mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé ọbẹ̀ òun ò dùn ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ikọ́ mi wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú ń jáde. Mo ní, ẹ ò rí i, sìgá yẹn ni oògùn mi! Mo di ẹrù mi, mo fẹ́ padà. Bàbá jókòó níta, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Mo mọ ìdí tí ọmọ mi fi gbé ọ wá síbí. Èmi náà fà á rí. Ìdọ̀tí tó ń jáde ni ikọ́ yẹn. Jẹ́ kó jáde."

Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ìgbà náà ló wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Iyọ̀ tó wà nílé yìí á tó wa dé Iléyá." Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tú ẹrù mi palẹ̀, mo sì jókòó tì í, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kókó àwọ̀n. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé wọn láìdúró mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún un gùn.

Ọjọ́ tí oṣù pé, mo wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n na sìgá sí mi, mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n." Mo di korobá mú, mo sọ̀ kalẹ̀. Omi tutù, òtútù náà ò sì pa mí. Mo wà á kún dẹ́múdẹ́mú, mo fa okùn, korobá gòkè lọ. Èémí sì ṣẹ́kù fún mi! Mo dúró díẹ̀ sí i, mo di àkàbà mú, torí adùn rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí mo yọrí, ẹ̀gbọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú omi. Ó gbá mi létí. "Ọlọ́ṣì! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń nawọ́ sí korobá tó kún. Iṣẹ́ mi ti padà sọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo korobá náà.

Ó ní, "Ká ní o há sísàlẹ̀ ńkọ́? N ò bá má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. N ò lè ṣe tó ogún mọ́, ó ti tó ọdún kan. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ."

Ó ti tó ọdún kan lóòótọ́ tó ti ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń wọlé. Mo rò pé ara tó ń dàgbà ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn yẹn, kò sẹ́ni tó lè wá mi. Mo fẹ́ bínú, mo wá ìbínú náà tì. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, ó ń sunkún.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi yẹn. Ṣé ó sọ pé ti àgbà náà lè padà?"

Mo ní, "N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

Ọkọ̀ wa ò tíì kún. A yọ àkàbà, a ta ìgbòkun, a sì kọrí sí Ìpakodò, èbúté tó sún mọ́ ọsibítù yẹn, lọ́sàn-án gangan.