Ìnípọn Igi Ìṣáná Kan

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ̀gá Lazhar? Ọdún kẹta rèé tí Lazhar ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù àwọn olówó ṣe lórí òrùlé ní Doha, kò sì tíì rí ìsinmi gbà. Ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wà ní Kebili, ìlú rẹ̀, nínú ọgbà igi dàbínù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Kó tó kúrò nílé ló ti so àpótí kékeré kan mọ́ ògiri adágún sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà náà. Àpótí yìí ní ojú ewé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Lazhar bá ṣí i lórí fóònù, á rí bí ìdí igi ṣe gbẹ tó àti bí omi adágún ṣe ga tó. Bó bá fọwọ́ tẹ ibì kan, omi á ṣí sínú ọgbà; bó bá tún un tẹ̀, á tì.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, ó rí ohun tó yà á lẹ́nu. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, omi tí ẹnikẹ́ni kò fi kún á ga sókè, bí ìnípọn igi ìṣáná méjì, á sì tún wálẹ̀. Ó pe Salwa, ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló ń da omi sínú adágún wa?"

Salwa bú sẹ́rìn-ín. "Nínú ooru yìí? Ta ló lómi tó fẹ́ fi tọrẹ? Haythem àti Ghassen, àwọn ọmọ ẹ, ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá ẹ̀rọ!"

Láti ọjọ́ náà, bí àkókò bá ti tó, Lazhar á tẹjú mọ́ fóònù. Igi ìṣáná kan, Haythem ti bẹ́ sómi. Ìkejì, Ghassen ti tẹ̀lé e. Shawqi, ará Íjíbítì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò jẹ́ kó sinmi.

"Obìnrin wo lò ń wò tẹ́nu ẹ fi là sílẹ̀ báyìí?"

"Omi ni mò ń wò, jàre."

"Omi! Ẹ gbà mí o, oòrùn ti mú un lórí!"

Igi ìṣáná kẹta ni Lazhar kò fẹ́ rí. Emna, àbíkẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rù omi púpọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Doha, ọmọ náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Lazhar sì ṣèlérí fún un pé òun fúnra òun ni òun máa kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ tí òun bá dé. Emna ní òun á dúró dè é.

Lọ́jọ́ kan, omi ga lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló tún ń rọra gòkè, díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń di ògiri mú sọ̀ kalẹ̀. Lazhar dìde dúró. Kò mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ ṣí omi sínú ọgbà, kí adágún lè fà, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè kanlẹ̀. Ó pe ilé.

"Emna ti wọ omi."

Salwa ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Haythem ni. Lazhar, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí Emna mọ̀ pé o gbọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Ó ní tó o bá dé, òun máa ṣe bí ẹni tí ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kó o lè kọ́ òun."

Lazhar kọjú sí ògiri kí Shawqi má bàa rí omijé rẹ̀.

"Bá mi sọ fún un," ó ní, "pé kó má bẹ̀rù omi. Bàbá ẹ̀ ń bọ̀ wá kọ́ ọ."