Ibi Tí Bàrákátù Ń Kó Òdòdó Rẹ̀ Pamọ́ Sí

Ní Atakpamé, ẹni tó bá fẹ́ kí agbádá òun ní òdòdó tí ẹlòmíràn ò ní, ọ̀dọ̀ Bàrákátù, Ìyá Khàlíl, ni yóò gbà lọ. Ẹ̀rọ ló fi ń rán òdòdó sára aṣọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń júwe ọ̀nà fún abẹ́rẹ́. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo àwòrán òdòdó rẹ̀ wà. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà bá ti yọjú, yóò fa aṣọ bò ó, bí ìgbà tí wọ́n bo ìyàwó tuntun lójú.

Yvette, akọ̀wé ọ́fíìsì kan, wá gba bùláòsì rẹ̀, ó sì rí aṣọ náà.

"Ìyá Khàlíl, tí kọ̀ǹpútà yìí bá kú ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ní ọ́fíìsì wa, a ti kó tiwa lọ sórí ohun tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́nà jíjìn, ayélujára la fi ń rí i. Kódà bí ọ́fíìsì jóná, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀."

"Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, ṣé wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọn ò mọ̀ yín."

"Ẹni tí ò mọ̀ mí ni yóò jí mi lẹ́rù láìtijú."

"Ọ̀rọ̀ àṣírí wà tí ẹ ó fi tì í."

"Tí òjò bá dé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ?"

"Ẹ ó dúró kí òjò dá."

"Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kì í bẹ̀rù òjò."

Síbẹ̀, nígbà tí Yvette lọ tán, Bàrákátù rò ó síwá sẹ́yìn. Olè lè fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Iná mànàmáná a sì máa ṣe ségesège, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsédò Nangbéto tó ń pèsè iná ò jìnnà. Ó ní ó di ẹ̀yìn Iléyá, nítorí agbádá tuntun lẹ́máàmù wà lórí ẹ̀rọ, òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ ń rán an lọ́wọ́ ni Dominique, tí òun náà ń rán òdòdó lápá kejì ọjà, yà wá kí i. Bàrákátù fa aṣọ bo kọ̀ǹpútà láìpa á. A kì í sì í lé àlejò. Ó fún un ní omi, ó bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀ ní Datcha lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Khàlíl, ṣé ẹ ń dín nǹkan ni?"

"Rárá o. Àwọn aládùúgbò ni."

Èéfín tín-ín-rín gba abẹ́ aṣọ yọ. Dominique wo èéfín, ó wo Bàrákátù.

"Aládùúgbò yín mà sún mọ́ wa o."

Bàrákátù wo aṣọ náà. Bí ó bá ká a, Dominique yóò rí òdòdó. Ó tún bu omi díẹ̀ sí i fún Dominique. Nígbà tó wá ká a, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí mọ́. Ẹ̀rọ ti dúró sí ààbọ̀ ewé kan.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òun lè tún un ṣe, àmọ́ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Iléyá sì ti kan ilẹ̀kùn.

"Òdòdó lẹ́máàmù ni?" ni Dominique, tó dúró tì wọ́n, wí. "Mo ní i."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Lẹ́yìn lẹ́máàmù ni. Mo tò sẹ́yìn wọn ní báńkì lọ́dún tó kọjá. Ìlà gùn lọ́jọ́ náà."

"Ẹ sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà yín?"

"Orí àwọsánmà ni mo gbé e sí. Ẹ̀rù ń bà mí kí kọ̀ǹpútà mi má lọ jóná."

Bàrákátù ránṣẹ́ pe Yvette, Yvette sì bá a ṣí àyè tirẹ̀ sórí àwọsánmà. Ohun àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ ni òdòdó tirẹ̀, láti ọwọ́ Dominique. Bàrákátù tẹjú mọ́ ọn: ewé ìsàlẹ̀ wọ́. Ó tún un ṣe, kò sọ fún Dominique. Ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí tó gùn tì í pa. Lẹ́yìn náà ló rán an tán sí agbádá, lẹ́máàmù sì gbé e wọ̀ lọ síwájú gbogbo ìlú lọ́jọ́ ọdún láti kírun, òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo wọn.