Obìnrin Tí Kì Í Pín Ìbejì

Kọ́bọ̀ mẹ́wàá la fi ń wo eré nígbà èwe wa ní Igbó-Ọrà. Lónìí, ẹgbàá náírà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń bí mi nínú.

Olùkọ́ obìnrin tó dá ẹgbẹ́ eré wa sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni mo ń rántí. Iwájú pátápátá ló máa ń tẹ́ ẹní àwọn adití sí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí, ẹ bọ́ sẹ́yìn!" Kẹ́hìndé, tó jẹ́ adití, ló ń fi ọwọ́ àti ojú ṣe ọba; Táíwò, ìkejì rẹ̀, á máa sọ ọ̀rọ̀ ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ tuntun tó ń darí ẹgbẹ́ náà fẹ́ tún gbé eré ọba náà jáde. Alága wọn ní, "Màmá, Táíwò nìkan ti tó. Ọba tí ò lè sọ̀rọ̀ á dójú tì wá níwájú àlejò."

Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ní Igbó-Ọrà níbí, ìlú ìbejì, ta ló kọ́ ọ láti pín ìbejì?"

Nígbà tí Màmá kọ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe ọba dípò àwọn ìbejì náà, wọ́n sì kọ "Eré Gbogbo Wa" sára pátákó. Aláìnítìjú!

Màmá ti kú. Táíwò náà ti lọ. Nínú ẹgbẹ́ wa, èmi àti Kẹ́hìndé ló kù láyé, Kẹ́hìndé ṣì mọ eré ọba náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.