Awò Ìbọn Tí Mo Rà Ní Owódé

Ọdún tí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣọdẹ kú ni mo tó mọ̀ pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó wà láyé, òun ló máa ń rí ẹran kí n tó rí i. Á fọwọ́ tọ́ mi léjìká, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ̀bá ọ̀pẹ yẹn." Èmi á sì yìnbọn. Lẹ́yìn tí a sin ín, èmi nìkan ló ń wọ igbó tó wà lẹ́yìn Ayétòrò, mo sì ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó mi wà l'Ékòó níbi tó ti ń tọ́jú ọmọ-ọmọ wa. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún nílé pé n kò rí nǹkan pa.

Mo wá pinnu láti ra awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn. Ọkùnrin ará Kútọnu kan ló ń tà á ní Owódé. Ó kó mẹ́ta síwájú mi. Bí èèyàn bá yí òrùka ara wọn, ohun tó jìnnà á sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Bàbá, èyí ló lágbára jù. Ẹyẹ tó bà sí Ìdìrókò, ẹ ó rí ìyẹ́ rẹ̀."

Mo gbé e sójú. Lóòótọ́ ló ń fa nǹkan mọ́ra, ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn kò ju ẹnu ife lọ, bí mo bá sì mí, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Mo ní, "Igbó tiwa dí. Ẹran kì í jìnnà síni níbẹ̀. Fún mi ní èyí tó mọ níwọ̀n, tí mo lè dín agbára rẹ̀ kù kí n rí ọ̀tún, kí n rí òsì."

Ìlà tí a fi ń fojú sun ẹran nínú èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Yóò sọnù sínú ewé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni mo mú. Ìlà rẹ̀ nípọn, awò iwájú rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì lè fi ojú jìnnà sí i díẹ̀, kó má bàa gbá mi lójú bí ìbọn bá ta sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ gbé e jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ní òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin méjì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń mu ọsàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nínú awò, wọ́n sún mọ́ mi débi pé mo rí omi ọsàn ní àgbọ̀n ọ̀kan nínú wọn. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wò wọ́n títí, àfìgbà tí ọlọ́jà bi mí pé ṣé ó dáa. Mo ní ó dáa.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, nírọ̀lẹ́, ẹtu kan jáde sẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Mo rí etí rẹ̀ tó ń mì, mo rí ẹyinjú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé o rí i?"

Ẹtu ló gbọ́ mi. Ó gbórí sókè, ó sì fò wọgbó.

N kò lé e. Mo jókòó sórí ebè, mo gbé ìbọn lé itan, mo sì ròyìn ẹtu náà fún ọ̀rẹ́ mi, láti etí dé ìrù, kí n tó gbéra lọ sílé.