Ìwé Ìkànìyàn Ludmila Alágbàfọ̀

Ludmila kò fi èdè ìyá rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Kì í ṣe tuntun ní Fafọrítẹ̀n, àdúgbò tí àwa ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì pọ̀ sí jù ní Fiẹ́nà, olú-ìlú tí wọ́n ti ń sọ Jámánì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sí ọ́fíìsì, èdè Jámánì ni yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ibi iṣẹ́ bíríkì ni ọkọ Ludmila kú sí. Láti ìgbà náà ló ti ń fọṣọ fún olówó, tí omi gbígbóná ń bó o lọ́wọ́, títí Otakar ọmọ rẹ̀ fi di akọ̀wé rélùwéè. Ibẹ̀ lọmọ ti fi orúkọ Jámánì sọ ara rẹ̀ di Otto.

Ọba ti darúgbó kọjá agbára nígbà náà. Ààfin ń dán, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ẹran ti kọjá apá mẹ̀kúnnù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àfi ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Àwọn olóṣèlú kan dìde, wọ́n há òdòdó búlúù, àmì ẹgbẹ́ wọn, mọ́ kóòtù, wọ́n ní àwa Ṣẹ́ẹ̀kì la jẹ ìlú run. Otto há tirẹ̀. Prohaska onílé wọn náà há a, ọkùnrin tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń kéde abúlé Ṣẹ́ẹ̀kì tó ti wá! Ojú kò tì í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fọ́ fèrèsé ilé-ìwé àwọn ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì. Ludmila ru ẹrù aṣọ kọjá, ó sì rí Otto pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Ọmọdébìnrin kan ń fi èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ké pe ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Otto kò sì gbọ́ èdè tó ń sọ. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí Ludmila kọ́ yékéyéké ńkọ́?

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìwé ìkànìyàn dé. Ìjọba ń béèrè èdè tí kálukú ń sọ lójoojúmọ́, onílé ló sì ń gba ìwé jọ. Jámánì ni Ludmila máa ń kọ, kí wọ́n má baà lé e nílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ Ṣẹ́ẹ̀kì. Prohaska ò bá a jà. Ó kàn gbé ìwé náà fún Otto.

"Màmá, kí lẹ kọ síbí?"

"Èdè mi ni."

"Èdè wo? Ta lẹ ń bá sọ ọ́ nílé yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Otakar."

"Otto! Ẹgbẹ́ fẹ́ fi mí joyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ bà mí láyé jẹ́ ni? Ẹ pa á rẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò pa á rẹ́. Kí wọ́n lé mi sínú yìnyín bí wọ́n bá fẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ki kálàmù bọ íńkì. Ìyá rẹ̀ rò pé èdè náà ló fẹ́ pa rẹ́. Orúkọ ara rẹ̀ ló fa ìlà lé. Níbi iye ènìyàn tó ń gbé yàrá náà, ó pa méjì rẹ́, ó kọ ẹyọ kan. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Ludmila sáré dé orí àtẹ̀gùn, ó ké pè é. Ìdààmú kò jẹ́ kó rántí Jámánì, èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ló bọ́ sí i lẹ́nu. Otto kò gbọ́ èdè náà, kò sì wẹ̀yìn.