Nazareno Kò Gba Ilé Ìdáná Wọlé

Ẹ̀gbọ́n mi, Nazareno Funes, ni ẹni àkọ́kọ́ ládùúgbò wa tó borí nínú ìdíje gọ́ọ̀fù gbogbogbòò ti Ajẹntínà. Láti kékeré ló ti ń bá àwọn olówó gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Lọ́jọ́ tó borí ní pápá yẹn kan náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olówó tó ni pápá náà sáré wá bá a.

"Gba ilé ìdáná wọlé, kí o wá gba ife ẹ̀yẹ rẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń gba iwájú."

Nazareno jókòó sórí koríko.

Ẹ̀rù bà mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á."

"Delfina, ṣé abọ́ ni mo fẹ́ lọ fọ̀ ni?" Ó kọjú sí akọ̀wé. "Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ìta ni mo ti borí, ìta náà ni màá ti gba ife yẹn."

Àwọn tó ń gbé àpò wá jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òǹwòran náà kò lọ sílé. Nígbà tó pẹ́, ààrẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbé ife náà jáde, ojú rẹ̀ le koko. Nazareno ò dìde gbà á títí ààrẹ náà fi dé iwájú rẹ̀.