Kòtò Omi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fò Kọjá

Òórùn tàdáwà ló máa ń jí wa nílé wa ní Fọlá Agoro, òun àti òórùn gọ́tà. Ilé ìtẹ̀wé méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀rọ wọn á sì ti máa dún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Màmá wa máa ń gba ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ wálé, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa ká a, wọ́n á máa tò ó. Nítorí ìwé yìí ni wọ́n ṣe ṣòfin pé, "Ẹsẹ̀ tó bá kan omi gọ́tà kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi." Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ pé òfin yẹn kò rọrùn. Kò síbi tí èèyàn ń lọ tí kò ní fo gọ́tà.

Ẹ̀gbọ́n mi, Mórẹ́nikẹ́, ló mọ̀ ọ́n fò jù. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n màmá wa nìkan ló máa ń rán mi létí pé kí n pè é ní àǹtí. Ọ̀gá Àlàbí, tíṣà eré ìdárayá ilé ìwé rẹ̀, rí i níbi tó ti ń fo gọ́tà tòun ti báàgì lẹ́yìn, wọ́n sì fi í sínú eré ìje tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, tí wọ́n tún ń fo kòtò omi. Eré elómi ni àwa ọmọdé ń pè é. Ilé ìwé wọn kò ní kòtò omi, bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń fò lórí iyanrìn. Nílé, gọ́tà ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró kí n máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí bàtà rẹ̀ bá fara kan omi, màá ní, "Ó kàn án. Padà," á sì padà lọ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìgbà yẹn nìkan ló ń gbọ́ tèmi.

Ọ̀gá Àlàbí kìlọ̀ fún un pé tó bá ti gun igi tó wà níwájú kòtò, kó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sínú omi níbi tí kò ti jìn, kó máa sá lọ. Tó bá fò ó kọjá, agbára rẹ̀ á tètè tán. Nígbà tí Mórẹ́nikẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní àwọn tí kò lè fò ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje dé, ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa mú láti sáré fún ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì máa kọjá kòtò omi. Mórẹ́nikẹ́ ló ṣáájú. Ó fo omi àkọ́kọ́ kọjá pátápátá, bàtà rẹ̀ gbẹ, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, inú mi ń dùn bíi pé èmi ni mo fò ó. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kejì àti ìkẹta. Nígbà kẹrin, mo rí i pé orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó di omi karùn-ún, tó kẹ́yìn, kò lè fò mọ́, ó fi àyà ṣubú sínú omi. Ipò kẹrin ló ṣe.

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé ni mo ti ń sunkún.

"Ṣé ìwọ lo sáré ni?" ni Mórẹ́nikẹ́ bi mí.

Mo ní èmi ni mo ṣì í lọ́nà.

Ó pòṣé. "Ọmọ tí kò tíì lè fọ páǹtì ara ẹ̀ dáadáa ni mo fi ṣe kóòṣì. Èmi ló yẹ kí wọ́n yẹ orí mi wò." Ó wá fi ìka nu imú mi. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Bóyá tó bá bínú sí mi ni, ara ì bá tù mí.

Màmá wa kò bá a wí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ìwé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí ibi tí àgbàlá ti jìn, wọ́n sì da omi kànga síwájú rẹ̀, korobá mẹ́fà. "Ó yá, tẹ omi náà," ni wọ́n wí. Mórẹ́nikẹ́ ń lọ́ra. Wọ́n ní, "Màá fọ bàtà náà. Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló gbégbá orókè. Lẹ́yìn náà ó gba wúrà fún ìpínlẹ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹta, kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó. Ó ti di tíṣà eré ìdárayá ní Ìbàdàn báyìí.

Èmi ti parí yunifásítì, mo sì ti sìnrú ìlú. Láti ìgbà tí mo ti kùnà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, mi ò tíì kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mìíràn. Gbogbo òru ni mò ń tún ìdáhùn mi sọ nínú ọkàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Mórẹ́nikẹ́, mo ní kó dárí jì mí nítorí eré tó pàdánù nígbà yẹn.

"Èwo nínú wọn?" ló bi mí.

Mo ṣàlàyé. Ó ní òun rò pé òun rántí, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú, torí ọ̀pọ̀ ni òun pàdánù.

Mo ti ru ẹrù eré yẹn fún ọdún méjìlá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá rò pé eré kan péré ló wà láyé, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kò sì tíì gbọ́n jù ú lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú ń tì mí, ara sì ń fúyẹ́.